Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Olúòkun

Òjò ọ̀sán dá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí gọ́tà ní Yemẹtù,
mò ń fi ṣáṣá ìgbálẹ̀ tú ẹrẹ̀ wò:
bọ́tìnnì aṣọ iléèwé, eyín òòyà,
onínì ayé òyìnbó tó dáhò sí láàrin.
Mosúnmọ́lá yọrí lójú fèrèsé:
"Màámi, àwọn ará àdúgbò á ní orí yín ti dàrú."
Kí wọ́n wí.
Ohun tó ti nihò tẹ́lẹ̀, tó gbà mí lọ́wọ́ ìlu,
ṣé kí n wá fò ó kọjá?

Abọ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi lọ́ọ̀dẹ̀:
ọ̀kan fún sẹ̀gi Òjé, owó rẹ̀ ń dun ni dé egungun;
ọ̀kan fún ike Gbági, tó fúyẹ́ bí irọ́;
ìkẹta, ti gọ́tà.
Okùn ọ̀rá apẹja ni mo fi ń sín in.
Mo fi itọ́ pọ́n ẹnu okùn, kò wọlé,
mo tún un pọ́n. Ojú ti ń dàgbà.

Wọ́n ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí
ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò fi ìlẹ̀kẹ̀ jẹun rí.
Ìdí ọmọ ẹlòmíràn ló rán Mosúnmọ́lá lọ sí iléèwé.

Níjẹta ni Bàbá Olúòkun dé,
ó tú kọ́kọ́rọ́ kan jáde nínú áńkíṣíìfù.
Ilé wọn wà létí Ògùnpa nígbà kan,
omi gbé e lọ tòun tilẹ̀kùn.
"Ìyá mi tì í kó tó sá," ó rẹ́rìn-ín díẹ̀,
"ó rò pé ilé á dúró de òun."
Ó ní kí n fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀
tó ń lọ sí Kánádà.
Mo fi yanrìn bó o, ìpáàrà kò tán.
Mo ní n ó fi ọ̀dà wúrà kùn ún.
Rárá o, ó ní,
ìpáàrà yẹn, omi ọjọ́ náà ni.

Lálẹ́ àná, iná lọ, mo tan àbẹ́là.
Iyùn mẹ́rìnlá lọ́tùn-ún, mẹ́tàlá lósì,
mo tú u, mo tún un sín, kò sáà dọ́gba.
Kọ́kọ́rọ́ ń fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.
Mo fi onínì gọ́tà de ẹ̀yìn rẹ̀.

Mosúnmọ́lá fi kọ́rùn kó lè dán an wò.
Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú, kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá, ó dìde nínú òkùnkùn,
ó lọ wò ó bóyá mo ti tilẹ̀kùn.