Asọ̀rọ̀mágbèsì Ilé Wa

Owó ofatáìmù àkọ́kọ́ tí bàbá mi gbà
ní wọ́ọ́ṣọ́ọ̀bù rélùwéè, ní Èbúté Mẹ́ta,
kò fi ra bàtà, kò fi ra fìlà.
Ó gbé rédíò kan wọlé, ó fi ìnura bò ó
bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun la ọyẹ́ kọjá.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó.
Eríàlì rẹ̀ ti kán kí n tó gbọ́njú;
háńgà aṣọ la fi rọ́pò rẹ̀.
Bí òjò bá ṣú láti ọ̀nà ọ̀sà,
ẹnìkan gbọ́dọ̀ di háńgà yẹn mú,
kó dúró gbọnin bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò,
kí ìròyìn agogo méje má baà rì sínú ṣììì.
Èmi ni wọ́n sábà máa ń yàn.
Mo gbọ́ èsì ìbò, mo gbọ́ owó epo,
mo gbọ́ ìjọba tó lọ àti èyí tó gorí rẹ̀,
gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú apá ríro.

Ẹ mọ orúkọ tí àwọn àgbà sọ ọ́:
ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.
Bàbá mi ò gbà.
"Irọ́ ni!" ni yóò wí fún mínísítà.
"Àmín," ni yóò wí fún àlùfáà.
Bí wọ́n bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa,"
yóò gbé ife tíì sílẹ̀: "A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?"
Ìyá mi á ní, "Bàbá Rísíkátù, kò gbọ́ yín."
Á ní, "Ìwà ni mò ń hù. Gbígbọ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀."

Ohùn kan ṣoṣo ni kì í dá lóhùn.
Ọkùnrin kan tó ń ka ìkéde lálẹ́,
ohùn rẹ̀ kúná bí èlùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á dá orógùn dúró nínú ìkòkò,
á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Bàbá mi á wúkọ́,
á ní bátìrì ń tán, á yí i
lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé.
Kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nílé wa.

Alẹ́ tí iná bá lọ ni mo fẹ́ràn jù.
Fáànù á kú, fírìjì á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́,
á wá ku iná pupa bíńtín lójú rédíò.
Ìyá Gàníyátù á gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.
Etí la fi ń wo bọ́ọ̀lù:
a rí i tó gba apá òsì, a rí koríko,
a rí góòlù kí ọlọ́rọ̀ tó pariwo.
Mo ti fi ojú wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà.
Pápá rẹ̀ kéré.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi kù dẹ̀dẹ̀, a sanwó ìkéde,
a jókòó yí rédíò ká.
Ohùn ọmọdé kan ni, ó ń kánjú:
"Olóògbé Alàájì Sùnmọ́nù Olówú..."
Ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó sinmi,
ìdílé Olówu bá di ìdílé òjòwú.
Gbogbo ilé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà:
"Olówu! Olówu ni!"
àgbà, ọmọdé, à ń fún asọ̀rọ̀mágbèsì lésì.
Ìyá mi nìkan ló bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín.
Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò parọ́ mọ́ ọn."

Gbogbo ayé ló wà nínú fóònù mi lónìí;
mo lè dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró, mo lè ní kó tún un sọ.
Síbẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń gba orí afárá
padà sí Èbúté Mẹ́ta,
mo máa ń bá bátìrì mẹ́rin lójú fèrèsé, tí wọ́n ń yáàrùn.
Ìyá mi ní kí n má ra tuntun,
ó ní ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú wọn.
Ó tan án. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa."
Ó wo àga bàbá mi fìrí.
"A dúpẹ́," ló wí. "Ilé ńkọ́?"
Ó wá kọjú sí mi:
"Háńgà yẹn. Dì í mú dáadáa."