Fóònù Mẹ́tàlá

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń kó wọn.
Kí àkùkọ Bàbá Láwọyin tó kọ lẹ́ẹ̀kejì
wọ́n á ti tò wọ́n sórí àga níwájú ilé mi,
fóònù mẹ́tàlá, òkú ni gbogbo wọn:
èyí tí wọ́n fi rọ́bà so ẹ̀yìn ẹ̀,
èyí tí ojú ẹ̀ fọ́ bí èèpo ẹyin,
ti tíṣà kan ṣoṣo tó kù fún wa, nínú ìbọ̀sẹ̀.
Mo kó wọn sínú ike, mo fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí omi kì í bi ni léèrè iṣẹ́ tí a ń jẹ́.

A kò kúkú jìnnà.
Lálẹ́, bí o bá gun àpáta ẹ̀yìn ilé Sìkírù,
iná Òṣogbo á tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ
bí ẹ̀yinná tí ẹnìkan gbàgbé láti pa.
Ṣùgbọ́n bí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé,
Ọ̀ṣun á yọ, á yí wa po,
Abà Ìdí-Apádò á di erékùṣù.
Òpó afárá méjì ló dúró láàrin omi.
Ọdún ìbò ni wọ́n rì wọ́n; a jó, a jẹ búrẹ́dì;
ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò dé mọ́.
Lékeléke ló ń sùn lórí wọn báyìí,
ọmọ tí a bí lọ́dún náà sì ti ń hu irùngbọ̀n.

Mo tukọ̀ kọjá, mo rìn dé ojú ọ̀dà,
ọ̀kadà gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Rófíátù ní Ìgbọ̀nà,
níbi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra lórí tábìlì bí ìfun ewúrẹ́.
Igba náírà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó kì wọ́n bọ iná. A dúró.

Ha, ẹ wá gbọ́ odidi abà tó ń ké lórí tábìlì!
Ohùn ẹyẹ, ohùn ìpèkírun, ẹ̀rín ọmọdé.
Ọmọ Ìyá Àbẹ̀jẹ́ pè láti Líbíà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá.
Báńkì ń kí Bàbá Láwọyin kú ọjọ́ ìbí,
ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.
N kì í gbé e. N kì í tẹ̀ ẹ́.
Ṣùgbọ́n ojú fóònù ló ń la ara ẹ̀ sílẹ̀,
ojú tèmi náà kì í sì í ṣe ìlẹ̀kùn.

Ti Ìyá Múníbátù nìkan ni kì í dún.
Òjò ọdún méjì ti rọ̀
látìgbà tí Làmídì ti ní òun ń lọ sí Kútọnu.
Lọ́jọ́ kan mo yá fóònù Rófíátù,
mo pe nọ́ńbà ìyá náà, mo jẹ́ kó dún tán.
Nígbà tí mo dé, ó ní, “Ta ló pè?”
Mo ní, “Kò lórúkọ.”
Ó rẹ́rìn-ín. Ó bu iyán fún mi.
Iyán ọ̀hún ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi.

Rófíátù ní, “Tìámíyù, yàrá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.
Kí lo tún ń padà lọ ṣe nínú omi?”
N kò dá a lóhùn,
torí fóònù bàbá Sìdíkátù ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná:
ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà á,
kó wá forúkọ sílẹ̀ kí ọ̀la tó ṣú.
Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ti kọ ọ́.
Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi sùn sínú afẹ́fẹ́,
tó ń wá wa kiri.

Ẹ̀gbẹ́ òpó kejì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú.
Mo wo bó ṣe ń kú, mo ń tukọ̀ lọ.
Sìdíkátù ti wà létí omi,
ó ń fọ ìkòkò, kò tilẹ̀ gbójú sókè.
N kò so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.
Mo ní, “Fi ìkòkò sílẹ̀. Wọlé.
Ilẹ̀ kò tíì ṣú.”