Ìṣẹ́jú Kan Àtààbọ̀

Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni olóòtú fún mi,
pé kí n kó gbogbo Ìsánlú sínú rẹ̀.
Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo ti pẹ́ nídìí gbohùngbohùn.
Bí mo bá ní "àwọn ọ̀dọ́ kan,"
ẹni tó ń ṣa kajú kò ní gbójú sókè;
bí mo bá ní "àwọn ọmọ wa,"
á dáwọ́ dúró, á wo ojú ọ̀nà
bóyá tòun ti dé.

Mo fi "ọ̀pọ̀lọpọ̀" síbi tó yẹ kí iye wà,
torí n kò mọ iye.
Mo ní "àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn sọ fún wa":
awakọ̀ kan ni, ní gáréèjì Mọ̀pà,
òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀.
Mo ní tírámádọ́ọ̀lù ń jà bí iná ọyẹ́.
Iná ọyẹ́ dára fún irú iṣẹ́ yìí:
kò sẹ́ni tí í bi í léèrè
ta ló kọ ọ́ síwèé, ta ló pàtẹ rẹ̀.

Ó wá ku ojú kan tí ìròyìn máa wọ̀.
Mo mú ti Obáníyì.

Obáníyì tó fi ọ̀kadà ṣubú lọ́jọ́ òjò
lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀, tí egungun itan rẹ̀ kán.
Dókítà ló kọ oògùn náà fún un,
bírò búlúù, ọ̀sẹ̀ méjì péré.
Kò sẹ́ni tó kọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.
Nígbà tí itan jinná, ara ò gbà,
ara ń tọrọ,
ó sì ń tiro lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ọjà.

Èyí tó ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Wọ́n gé e.

Mo kọ "aláìsàn." Olóòtú fagi lé e,
ó kọ "ajoògùnyó," ó ní ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fìka kà á lábẹ́ tábìlì:
mẹ́rin ni tèmi, márùn-ún ni tirẹ̀.
N kò sọ̀rọ̀.
Ohùn mi ló kà á síta.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ bá mi nídìí ẹ̀rọ omi.
"Ọ̀kún o." Mo ní, "Ọ̀kún."
Ó ṣu òṣùká, ó gbé garawa rù, ó ní:
"Mo gbọ́ yín. Kò sí irọ́ níbẹ̀.
Ọmọ ta lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Lágogo méjì ọ̀sán wọ́n tún un gbé sáfẹ́fẹ́.
Wọ́n ti fi fèrè sí i lábẹ́,
kó lè pani lẹ́kún.