Ọ̀pá Olórí Roboto

Ní Grimsby, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀,
nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
a máa ń jókòó sórí páálí ẹja, a ó di ife tíì mú
bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú láàárín èrò.
Ọjọ́ kan ni Halina, ará Pólándì, bi wá pé,
"Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láyé yín,
èwo ló burú jù?"

Ẹnu yá gbogbo wa. Ta ni kì í fi ìyà ṣe fáàrí
bí ìyà náà bá ti kọjá?
Clive ní òun ti kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ rí,
odindi ìgbà òtútù kan, ìyàwó òun ò jẹ́ kí òun wọlé
àfi bí òun bá bọ́ ṣòkòtò níta.
Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìkirè, ní ìyẹn kéré.
Òun ti ṣọ́ bàbá arúgbó kan lóru ní Lincoln
tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú pe òun,
òun sì ń jẹ́ ẹ.
"Wọ́n sanwó fún mi pé mo wẹ̀ ẹ́, mo gbé e lọ sálàǹgá.
Fún jíjẹ́ tí mò ń jẹ́ Peter, wọn ò san kọ́bọ̀."

Tíì wa tutù.

Wọ́n kọjú sí mi. Mo wo ọwọ́ mi:
ìpẹ́ ẹja lábẹ́ èékánná, ọ̀bẹ ti kọ mí nílà
láìbèèrè ìdílé tí mo ti wá.
Mo lè sọ pé èyí ni, èyí tí a wà lẹ́nu rẹ̀ yìí:
yìnyín tó ń ta ìka bí agbọ́n,
òórùn tó ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì, tí kì í sanwó ọkọ̀,
tó ń lé ẹni tó bá jókòó tì mí dìde.
Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ló ń dùn mí.

Ọdún méjì ni mo fi di ọ̀pá mú
níwájú iléèwé kékeré kan lọ́nà Weelsby.
Ọ̀pá gígùn, orí rẹ̀ rí roboto bí àwo,
wọ́n kọ "Ẹ dúró" sí i lédè wọn.
Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan lọ́sàn-án,
owó rẹ̀ ò tó ra bàtà tí òjò ibẹ̀ bà jẹ́.
Àmọ́ bí mo bá ti bọ́ sójú títì, tí mo gbé e sókè,
ọkọ̀ akẹ́ja á dúró. Ọkọ̀ ọlọ́pàá á dúró.
Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọkọ̀ tó gbé òkú dúró,
òkú náà mú sùúrù
títí ọmọdébìnrin kan fi mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó jábọ́.
Èmi tí wọ́n ń dá dúró káàkiri,
ní ibodè, ní báńkì, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
èmi ni mò ń dá ayé dúró, tí ayé ń gbọ́.

Ìyá mi bi mí lórí fóònù, "Iṣẹ́ wo lo rí?"
Mo ní, "Mò ń dá ọkọ̀ dúró, mà."
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.
"Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má gbowó lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Kí n má purọ́, mo gbà:
ṣokoléètì méjì nígbà Kérésìmesì,
àti àwòrán kan tí ọmọ ọdún márùn-ún yà,
níbi tí mo ti ga ju iléèwé lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ gbé iná síbẹ̀ nígbà tó yá.
Iná kì í ṣàìsàn, kì í gbowó oṣù.
Wọ́n ní kí n dá ọ̀pá padà, kí n bọwọ́ lùwé.
Iná ò mọ̀ pé Callum máa ń sáré
kó tó wo ọ̀tún, kó tó wo òsì.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Halina wí. "Èwo ló burú jù?"
Fèrè dún. Mo wọ ìbọ̀wọ́.
Ẹja àkọ́kọ́ ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.
N ò mọ ìgbà tí mo gbé ọwọ́ òsì sókè.
Kò dúró.