Igbá Tó Gba Igba

Aago méjì òru ní Daejeon. Yìnyín ń bọ́ sára fèrèsé
bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé.
Gbogbo ọ́fíìsì ti sùn, àfi èmi Pyo Ha-ram,
àti ife núdù tó ti tutù,
àti kọ̀ǹpútà kan tí mò ń bi ní ìbéèrè òmùgọ̀:
Lẹ́tà mélòó lorúkọ lè ní?

Ẹ̀rọ náà, alábàárìn búráúsà ni.
Òun ní ń gbẹ́ ọ̀nà abẹ́lẹ̀
fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo fáìlì aláìsàn láti yàrá ìdáná rẹ̀,
kí ojú ayé má rí ohun tó ń lọ, ohun tó ń bọ̀.
A gbà á gbọ́. Ta ní í wo ara ilẹ̀kùn
tó bá ti fọkàn tán kọ́kọ́rọ́?

Mo tẹ lẹ́tà A. Mo tún tẹ A.
Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di igba,
ẹ̀rọ ń dáhùn, hẹn, hẹn.
Ó di igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò sọ pé ó tó.
Mo wá sọ ọ́ di irinwó.

Igbá tó gba igba, ẹ da irinwó sí i,
níbo lẹ rò pé ìyókù máa sùn?
Kò dànù sílẹ̀. Ì bá dànù, ì bá sàn.
Ó ṣàn wọ yàrá kejì,
ibi tí ẹ̀rọ kọ ọ́ sí fún ara rẹ̀ pé
tí o bá ṣe tán, ibí ni kí o padà sí.
Ó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ fẹ́ padà sílé, kò mọ̀nà ilé mọ́.
A lásán ni mo kọ síbẹ̀. Ká ní olè ni,
ojúlé tirẹ̀ ni ì bá kọ,
ẹ̀rọ ì bá sì rìn lọ bá a wọ́ọ́rọ́wọ́,
tòun ti ìwé aláìsàn lábíyá.

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́.
Ògiri tiwa ò lanu o.
Àwa la mọ ọ́n mọ́ ẹnu.

Mo ṣí kóòdù wò. Ẹnì kan kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà,
ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn:
"Mi ò tíì wọn èyí. Mò ń padà bọ̀ lọ́la. Gil Man-seok."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tongyeong, létí òkun gúúsù.
Gil ti fi kóòdù sílẹ̀, ìṣáwùrú òkun ló ń sìn.
Iyọ̀ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀.
Ó ka ìwé tí mo gbé wá, ó tún un kà.
Kò ní iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pọ̀.
Kò ní ọ̀gá ń lé òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ń lé e.
Ó béèrè ohun kan ṣoṣo:
"Ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ wọlé?"
Mo ní mi ò mọ̀.
Ẹni tó yọ́ wọlé lóru kì í bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ó fa garawa mọ́ra, ó ń kó ìṣáwùrú sí i.
Ó ku ìka mẹ́rin kó kún, ó dáwọ́ dúró.
Mo ní àyè ṣì wà.
Ó ní, "Mo mọ̀."

Ìlà kan péré ni àtúnṣe náà:
ohun tó bá ju igbá lọ, dá a padà.
A fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé.
Ìyá mi, akọ̀wé owó ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Jecheon,
rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ṣe ń mu kọfí:
ṣé kí n gbà á báyìí, àbí kó di ìgbà mìíràn?
Ó rẹ̀ ẹ́. Ìwé owó oṣù wà nílẹ̀.
Ó tẹ "Ó dọ̀la."