Sìmẹ́ǹtì Tútù

Ọjọ́ tí a fẹ́ kọ̀wé sójú oórì Ìyá Àgbà
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní Òkè-Baálẹ̀,
Gàníyù bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì, ó ti tẹ́ ẹ,
ó ti fi ìṣó kọ orúkọ, Rúùtù Àwẹ̀ró,
ó wá ń retí ọ̀rọ̀ tó kù.

Bàbá mi ní, "Kọ ọ́: Ó ń bá Kristi jọba."
Bọ̀dá Sílà, àbúrò rẹ̀, gbá ìṣó mú:
"Jọba níbo? Ìjọba wo?
Kọ ọ́: Ó ń sùn títí Olúwa yóò fi dé."

Ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Bàbá mi ní láti ọjọ́ tí Jésù ti gòkè re ọ̀run
ló ti gúnwà;
ẹgbẹ̀rún ọdún inú Ìfihàn, àpèjúwe ni,
inú rẹ̀ la wà yìí.

Bọ̀dá Sílà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì nídìí ojú irin.
"Bó bá ti ń jọba,
ta ló ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi?
Ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ Fẹlísíà lórí ìkúnlẹ̀?
Bí wọ́n bá ti de Sátánì lóòótọ́,
okùn náà mà gùn o!
Ó dé Ìgbọ̀nà, ó dé Ọjà Ọba."

"Ìdí ojú irin lo jókòó sí pẹ́ jù," ni bàbá mi wí,
"o rò pé gbogbo ohun tó ń bọ̀
gbọ́dọ̀ fọn fèrè kó tó dé."

Ìyẹn dùn ún. Mo rí i.
Ta ni kò mọ̀ pé koríko ti bo irin náà?

Èmi tí mo gbé garawa omi dúró,
Ìyá Àgbà ni mò ń rò.
Láàárọ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó wà lórí ìtẹ́;
lálẹ́, tí orúnkún bá ń ro ó,
á ní, "Olúwa, máa bọ̀, máa bọ̀ kíá."
Ẹnu kan náà. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí.

"Ẹ̀yin àgbà," Gàníyù wí, "sìmẹ́ǹtì kì í dúró de èèyàn."
Kí wọ́n tó gbọ́, ó ti le.

Ọdún mẹ́ta rèé.
Lọ́jọ́ Àjíǹde àwọn méjèèjì máa ń wá ro oko ibẹ̀,
ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ látìhà orí, èkejì látìhà ẹsẹ̀,
wọn kì í wo ibi tó ṣófo lábẹ́ orúkọ.
Aláǹgbá ló ń yá oòrùn níbẹ̀.