Okùn Balùwẹ̀

Bàbá àgbà jókòó sórí korobá tá a dojú ẹ̀ délẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún lórí orúnkún,
nítorí bó bá gbé e sókè, ó máa gbọ̀n.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ iná ní Rélúwè,
gbogbo gílóòbù ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lójú.
Lónìí, èmi ni ìka rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, pa méènì."
Mo ti pa á.
"Lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."
Mo lọ wò ó. Kò síná ládùúgbò láti àná,
ṣùgbọ́n Bàbá ní àlejò tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni Nẹ́pà,
kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Mo gun àga, mo ki orí sínú ihò àjà.
Ìtẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ, ìwé ìròyìn tí eku ti kà tán,
ooru páànù ń jó mi létí.
Wáyà tuntun náà nípọn bí àtàǹpàkò.
"Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ sí gílóòbù ò lè gbé e," ni Bàbá wí,
"ẹrù ṣáwà kì í ṣẹrù ọmọdé."
Pupa dé, dúdú dé,
ẹ̀kẹta aláwọ̀ ewé, abilà bí ejò oko.
Mo ní, èyí ń kọ́?
"Ìyẹn ń lọ sílẹ̀.
Iná tó bá ṣìnà, ilẹ̀ ni kó gbé e mì.
Ilẹ̀ ti gbé ohun tó jù ú lọ mì."

Ó dákẹ́. Mo mọ ẹni tó rántí:
Bámitálẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kọ́tàsì,
tó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ tan súìṣì ara ògiri
láàárọ̀ Sátidé kan.
Búrẹ́dì tó rán ọmọ ẹ̀ rà ò tíì tutù.
Àwọn tó ṣáájú ní omi ló ń pa iná.
Bàbá àgbà ní, bí iná bá fẹ́ pa ẹnì kan,
omi ni í bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí súìṣì fi rọ̀ sókè bí àdán,
tí okùn funfun kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ẹ̀,
okùn tí kò mọ iná,
tí kò jẹ́ kíná mọ̀ wá.

Wáyà méjì níbi àbáwọlé, méjì níbi àbájáde.
Mo fi súkúrúdíráfà fún wọn.
"Ó ku díẹ̀."
Mo tún un fún.
"Fà á wò."
Mo fà á, kò mira.
"Ìdè tó bá dẹ̀, iná ni yóò tú u."

La bá jókòó, à ń retí.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń húkọ́, tiwa ò tó gbé ṣáwà.
Màmá mi fẹ́ gbé omi kaná lórí sítóòfù,
Bàbá fárígá:
"Ó ti sú mi kẹ́ ẹ máa fi kọ́ọ̀pù wọ́n omi sí mi lára
bí ẹ̀fọ́ àná."

Aago méjì òru kọjá díẹ̀, iná dé.
Òpópó Kánò hó lẹ́ẹ̀kan, ó tún sùn.
Mo gbọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀,
kọ́, kọ́, ìsinmi, kọ́.
Mo gbọ́ okùn: kẹ́.
Omi bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò fọhùn,
ó pẹ́ débi tí àyà mi já,
mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú
kó tó ké láti inú ooru:
"Àwẹ̀ró! Ẹni a wẹ̀ tá a sì ró láṣọ!
Orúkọ ẹ lo fi jínkí mi lóru yìí!"

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná lọ.
Omi tutù lójijì,
ó bú èébú kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí.
Síbẹ̀, nínú òkùnkùn biribiri,
kó tó nawọ́ wá táwẹ́lì,
ó fa okùn náà, ó pa á.
Kẹ́.